Àwárí, Àpatì àti Àṣẹ́kù: Èdè-Ìperí fún Ohun Tí Ó Wà Lábẹ́ Eré Orí Kọ̀ǹpútà

1.0 Ìfáárà

Ẹni tí ó ra eré orí kọ̀ǹpútà, èyí tí tọmọdé-tàgbà ń pè ní géèmù, ra ohun tí ó pọ̀ ju èyí tí ojú rẹ̀ ń rí lọ. Nínú àkójọ àṣẹ tí ń mú eré náà ṣiṣẹ́, yàrá kan lè wà tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò hàn síta. Orúkọ ẹni tí ó ṣe eré náà lè wà níbẹ̀. Ìpele kan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tí wọn kò parí lè wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó ti lé ní 40 ọdún tí àwọn aṣeré ti ń tú inú eré wò láti rí irú nǹkan báwọ̀nyí. Wíwá wọn kúrò ní eré ọwọ́dilẹ̀, nítorí pé àwọn ni wọ́n ń jẹ́ kí a mọ bí a ṣe ṣe eré kan, ohun tí àwọn aṣẹ̀dá rẹ̀ ní lọ́kàn níbẹ̀rẹ̀, àti ibi tí wọ́n ti yí ọkàn padà.

Ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ẹnu ẹni tí ó bá fẹ́ sọ nípa wọn ní Yorùbá ni àṣírí. Ọ̀rọ̀ náà kò burú, ṣùgbọ́n ó gbòòrò jù. Ó kó ohun tí ènìyàn dìídì fi pamọ́, ohun tí ó pa tì, àti ohun tí ó ṣẹ́kù sílẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ pọ̀ sínú àpò kan ṣoṣo. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe pàtàkì púpọ̀. Òun gan-an ni àríyànjiyàn ńlá kan dá lé lórí ní Amẹ́ríkà ní 2005, gẹ́gẹ́ bí ìpín 5.0 yóò ti fi hàn. Olùkọ́ tàbí òǹtumọ̀ tí kò ní ju ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ yóò ti dá ẹjọ́ náà kí ó tó ròyìn rẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe dábàá ọ̀rọ̀ mẹ́ta níhìn-ín: àwárí, àpatì àti àṣẹ́kù. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ ni gbogbo wọn. Ohun tí ó kù ni kí a pààlà sí ìtumọ̀ wọn.

2.0 Ìdí tí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀-fún-ọ̀rọ̀ kò fi tó

Òkè-Ọ̀dàn, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Gúúsù Yewa ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, jẹ́ ibi tí ó yẹ láti ti wo ìṣòro yìí. Ní 1889 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé fẹnu kò lórí ààlà tí ó la ilẹ̀ náà kọjá. Ààlà yìí ni ó fà á tí ọmọ ìyá kan fi ń kàwé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Òkè-Ọ̀dàn, Ìlaró àti Ayétòrò, tí ìbátan rẹ̀ sì ń kà á ní èdè Faransé ní Pobẹ̀ àti Kétu ní Orílẹ̀-èdè Olómìnira Bẹ̀nẹ̀. Eré kan náà lè wà lórí fóònù àwọn méjèèjì. Bí wọ́n bá pàdé lọ́jọ́ ọjà tàbí níbi òkú àgbà, Yorùbá ni wọn yóò fi sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá dé orí ohun tí a fi pamọ́ sínú eré náà, èdè ilé-ìwé ni oníkálukú yóò yà lò.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní ẹyin ọdún Àjíǹde. Èdè Faransé náà tumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Àṣà kan ní ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni ó bí orúkọ náà: ní àárọ̀ ọjọ́ Àjíǹde, àwọn òbí a kun ẹyin lọ́dà aláràbarà, wọn a fi wọ́n pamọ́ sínú ọgbà, àwọn ọmọ a sì máa wá wọn kiri. Ní ilẹ̀ Yewa, àwọn ọmọlẹ́yìn Kristi ń ṣe ọdún Àjíǹde, ṣùgbọ́n fífi ẹyin pamọ́ fún ọmọdé kì í ṣe ara àṣà ọdún náà lọ́dọ̀ wọn. Bí òǹtumọ̀ bá wá kọ ọ́ pé eré kan ní ẹyin Àjíǹde nínú, òǹkàwé yóò ro ti adìẹ, tàbí kí ó ro ti ìsìn. Kò sí èyí tí yóò gbé e dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ.

Láti ìgbà tí Ètò Ẹ̀kọ́ Ọlọ́dún Mẹ́fà ti bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 lábẹ́ Babs Fáfúnwá, tí a sì ń fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ àti ìṣirò, ni ó ti hàn pé kì í ṣe orúkọ tí èdè mìíràn sọ nǹkan ni ó yẹ kí a tumọ̀ bí kò ṣe ohun tí nǹkan náà jẹ́. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 fi irú iṣẹ́ yìí hàn nínú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè àti lítíréṣọ̀. Ọ̀nà kan náà ni a ó tọ̀ níhìn-ín: a ó kọ́kọ́ wo nǹkan náà fúnra rẹ̀, kí a tó wá orúkọ fún un.

3.0 Àwárí

3.1 Ohun tí ó ṣẹlẹ̀

Ọ̀gbẹ́ni Warren Robinett jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Atari ní ìpínlẹ̀ California. Òun nìkan ni ó ṣe eré tí a ń pè ní Adventure, èyí tí ó jáde ní 1980. Gbogbo ibi tí ó ní láti kọ àṣẹ eré náà sí kò ju báìtì 4,096 lọ, iye tí kò tó lẹ́tà tí ó wà nínú ojú-ewé mélòó kan ìwé. Ní àkókò náà, ilé-iṣẹ́ yìí kì í jẹ́ kí orúkọ ẹni tí ó ṣe eré hàn lára páálí tàbí nínú eré. Robinett kò bá wọn jà. Ó ya yàrá kan sínú eré náà, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ni òun ṣe é. Kí ènìyàn tó lè wọ yàrá yìí, ó níláti rí ẹ̀kán kékeré kan tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti ilẹ̀ mu, kí ó sì gbé e lọ sí ibi kan pàtó. Robinett kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí ọmọdékùnrin ọmọ ọdún 15 kan ní ìlú Salt Lake City tó rí yàrá náà, tí ó sì kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ nípa rẹ̀. Steve Wright, ọ̀gá kan níbẹ̀, ni ó dá a lábàá pé kí wọ́n má yọ ọ́ kúrò, kí irú rẹ̀ sì máa wà nínú eré mìíràn bí ẹyin Àjíǹde tí ọmọdé ń wá. Láti ibẹ̀ ni orúkọ náà ti lẹ̀ mọ́ ọn.

Robinett kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́. Ní 1978, Bradley Reid-Selth ti fi orúkọ rẹ̀ pamọ́ sínú eré Video Whizball tí a ṣe fún ẹ̀rọ Channel F, ẹ̀rọ tí ó jáde ní 1976 lábẹ́ àbójútó Jerry Lawson, onímọ̀ ẹ̀rọ aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà. Ṣáájú ìyẹn, ní 1977, Ron Milner ti fi ìkíni sí ara rẹ̀ pamọ́ sínú Starship 1 ti ilé-iṣẹ́ Atari: ẹni tí ó bá tẹ bọ́tìnnì bí ó ti yẹ yóò rí ìkíni náà, yóò sì rí ìgbà 10 gbà láti ṣeré lọ́fẹ̀ẹ́. Ọdún 2017 ni aráyé tó gbọ́ nípa rẹ̀, lẹ́yìn 40 ọdún.

3.2 Yíyan ọ̀rọ̀

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó dúró níwájú ẹni tí ó fẹ́ sọ ohun yìí lórúkọ.

Èkínní ni àṣírí. Èdè Lárúbáwá ni Yorùbá ti yá a, ó sì ti di ọmọ ilé. Ṣùgbọ́n bí a bá wo àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ń bá a rìn, a ó rí i pé ìtìjú àti ìdáàbòbò ni ó fi ń ṣe ilé. A máa ń bo àṣírí. Àṣírí a máa tú. Ẹni tí àṣírí rẹ̀ tú kì í yọ̀. A sì máa ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run bo àṣírí wa. Robinett kò fẹ́ kí a bo tirẹ̀. Ohun tí ó fẹ́ ni pé kí ẹnì kan rí i.

Èkejì ni àdìtú. Dídì ni a di nǹkan náà, títú ni ó sì ṣòro láti tú. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo. Ó bá ìjìnlẹ̀ tí ọgbọ́n ènìyàn kò ká mu, kò sì bá ìkíni kúkurú inú eré mu.

Ẹ̀kẹta ni àwárí. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ à- ni a fi mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe méjì, wá àti rí. Àwọn àgbà sọ pé àwárí ni obìnrin ń wá nǹkan ọbẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wíwá tí kò ní dáwọ́ dúró títí yóò fi rí ni. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó bí ìṣàwárí, tí àwọn olùkọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ti ń lò. Wíwá wà nínú rẹ̀, rírí sì wà nínú rẹ̀. Èyí ni ohun tí ó mú àwárí yàtọ̀ sí àṣírí. Ohun tí a fi pamọ́ nítorí kí a lè rí i ni àwárí.

Ẹnì kan lè béèrè pé ṣé ó tọ́ kí a pe ti Ron Milner ní àwárí ní gbogbo 40 ọdún tí ẹnikẹ́ni kò rí i. Ó tọ́. Èrò ọkàn ẹni tí ó fi nǹkan pamọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ. Kò sọ iye àkókò tí yóò gba ẹni tí yóò rí i.

Ohun tí ó wà lábẹ́ ìtàn yìí kò ṣàjèjì sí àwọn ará Yewa. Àwọn agbẹ́gilére tí ń gbẹ́ ère orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kì í kọ orúkọ sí iṣẹ́ wọn lára, síbẹ̀ ẹni tí ojú rẹ̀ mọ iṣẹ́ yóò wo bí a ṣe la ojú àti bí a ṣe di gèlè, yóò sì mọ ọwọ́ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ. Oníṣẹ́ ọwọ́ a máa wá ọ̀nà tí a ó fi mọ̀ pé òun ni, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ní ohun tí àwárí jẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

4.0 Àpatì

Eré orí kọ̀ǹpútà kì í jáde bí a ṣe kọ́kọ́ rò ó. Àkókò a máa kéré, àyè a máa há, owó a máa tán, tàbí kí èrò kan má bá ìyókù rìn mọ́. Nígbà náà ni àwọn aṣẹ̀dá yóò pa apá kan tì. Ohun tí a pa tì báyìí ni àpatì. Yorùbá ti ń lo ọ̀rọ̀ náà fún ilé tí a kọ́ dé ìdajì àti fún iṣẹ́ ìjọba tí a fi sílẹ̀ láìparí. Nítorí náà, kò sí òǹkàwé tí yóò bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀.

Sonic the Hedgehog 2, tí ilé-iṣẹ́ Sega gbé jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 1992, fún wa ní àpẹẹrẹ tí ó ṣe kedere. Ìpele kan wà tí wọ́n ṣe fún eré náà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Hidden Palace. Àwòrán rẹ̀ ti hàn nínú ìwé ìròyìn kí eré tó jáde. Nígbà tí eré náà dé ọjà, ìpele yìí kò sí nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, ẹ̀dà ìdánwò eré náà, èyí tí a ṣe kí iṣẹ́ tó parí, bọ́ sọ́wọ́ àwọn aṣeré, wọ́n sì rí i pé a lè wọ ìpele náà níbẹ̀. Ní 2013, nígbà tí a tún eré náà ṣe fún fóònù, a parí Hidden Palace, a sì dá a padà sí inú rẹ̀.

Ìpele yìí kọ́ òǹtumọ̀ lẹ́kọ̀ọ́ kan. Ààfin tí ó fara pamọ́ ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá tẹ̀ lé orúkọ nìkan yóò kà á mọ́ ohun tí a fi pamọ́. Ṣùgbọ́n ààfin náà kò fara pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. A pa á tì ni. Orúkọ tí aṣẹ̀dá sọ nǹkan yàtọ̀ sí irú ohun tí nǹkan náà jẹ́.

Ìgbà mìíràn wà tí a máa ń pa odindi eré tì. Star Fox 2 ti ilé-iṣẹ́ Nintendo fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ní 1995 nígbà tí a dá a dúró, nítorí pé ẹ̀rọ tuntun tí ó lágbára jù ú lọ ti ń bọ̀ lọ́nà. Ó di 2017 kí ilé-iṣẹ́ náà tó gbé e jáde. Ó hàn nínú èyí pé àpatì kì í ṣe òkú ọ̀rọ̀. Ohun tí a pa tì lónìí, a lè padà mú un lọ́la.

Ní ilẹ̀ Yewa, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan dábàá ahoro dípò àpatì. Ọ̀rọ̀ náà ní ìwọ̀n ní Òkè-Ọ̀dàn, nítorí pé àwọn ọmọ ogun Dàhómì fọ́ ìlú náà ní 1848, àwọn ogun ọ̀rúndún náà sì sọ ibùgbé púpọ̀ di ahoro ní agbègbè yìí. Ṣùgbọ́n ibi tí ènìyàn ti gbé rí, tí wọ́n sì kúrò níbẹ̀, ni à ń pè ní ahoro. Iná ti jó nínú ààrò rẹ̀ rí. Kò sí aṣeré tí ó gbé inú Hidden Palace ní 1992. A fi í sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wọ̀ ọ́. Ó dára kí a fi ahoro sílẹ̀ fún eré tí àwọn ènìyàn ti ń bá ara wọn ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀, tí a sì ti pa ẹ̀rọ tí ó gbé e ró. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn ti gbé inú wọn rí.

5.0 Àṣẹ́kù

Àpatì jẹ́ ìpinnu: a pinnu pé a kò ní lo nǹkan kan. Kò sọ ibi tí nǹkan náà wà lẹ́yìn ìpinnu. Ó lè parẹ́ pátápátá, ó sì lè wà nínú dírọ́ọ̀ aṣẹ̀dá. Ó tún lè wà nínú eré tí a tà, tí a kàn ti ọ̀nà tí ó lọ síbẹ̀. Irú èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni a nílò ọ̀rọ̀ mìíràn fún.

Ohun tí ó ń fà á rọrùn láti yé. Àṣẹ inú eré so mọ́ ara wọn bí òwú inú aṣọ. Bí a bá fa òwú kan yọ nígbà tí aṣọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, a kò mọ ibi tí yóò ti tú. Nítorí náà, ó rọrùn fún àwọn aṣẹ̀dá láti dí ẹnu ọ̀nà ju kí wọ́n wó yàrá lọ. Yàrá náà yóò wà nínú eré tí a tà, láìsí ọ̀nà tí aṣeré lè gbà dé ibẹ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Grand Theft Auto: San Andreas nìyẹn. Eré náà jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2004. Nínú rẹ̀ ni eré kékeré kan wà tí ó fi ìbálòpọ̀ hàn. Àwọn aṣẹ̀dá ti pinnu láti má lò ó, wọ́n sì ti ọ̀nà rẹ̀, ṣùgbọ́n àṣẹ rẹ̀ ṣì wà nínú àwo tí wọ́n tà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2005, ọmọ ilẹ̀ Netherlands kan tẹ ohun èlò kan jáde tí ó ṣí ọ̀nà náà. Ilé-iṣẹ́ náà kọ́kọ́ di ẹ̀bi ru àwọn tí ó tú inú eré. Kò pẹ́ tí ó fi hàn pé ohun tí a ń wí wà nínú àwo tí ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ṣe. Ní 20 oṣù keje ọdún 2005, ìgbìmọ̀ ESRB, tí ń sọ ọjọ́-orí tí eré kọ̀ọ̀kan yẹ fún ní Amẹ́ríkà, yí ipò eré náà padà láti ti ẹni ọdún 17 sókè sí ti àgbàlagbà ọdún 18 sókè. Àwọn ilé-ìtajà ńlá kó o kúrò lórí igbá. Ní 2006, ilé-iṣẹ́ náà àti àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń rí sí òwò jọ parí ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀nà mẹ́ta tí a lè gbà ròyìn ọ̀rọ̀ yìí ní Yorùbá. Bí a bá sọ pé àwárí ni, a ti sọ pé àwọn aṣẹ̀dá dìídì gbé e síbẹ̀ kí àwọn ọmọ lè rí i. Ẹ̀sùn ńlá nìyẹn. Bí a bá sọ pé àpatì ni, tí a sì dákẹ́, a ti sọ pé wọn kò jẹ̀bi ohunkóhun, nítorí wọ́n ti pa á tì. Ẹni tí ó ra àwo kò ní gbà bẹ́ẹ̀, nítorí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a bá pè é ní àṣírí, a kò sọ ohunkóhun bí kò ṣe pé ìtìjú wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó tọ́ ni àṣẹ́kù: ohun tí a ti pa tì, ṣùgbọ́n tí ó ṣẹ́kù sínú ohun tí a tà. Kò sọ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀, kò sì sọ pé wọ́n mọ́. Ó sọ ohun tí ó wà níbẹ̀, ó sì fi ìdájọ́ sílẹ̀ fún adájọ́.

Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ yìí ni ìgbìmọ̀ ESRB pàṣẹ pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ máa sọ ohun tí ó wà nínú eré wọn tí ó bá kan ipò ọjọ́-orí, títí kan èyí tí a ti ọ̀nà rẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé wọ́n gbà pé ìsọ̀rí yìí wà, ó sì ní òfin tirẹ̀.

Ní ti ìhun, àṣẹ́kù ní ẹgbẹ́. A ní àjẹkù, ohun tí a jẹ tí ó kù. A ní àlòkù, ohun tí ẹnì kan ti lò kí ó tó dé ọwọ́ ẹlòmíràn, irú èyí tí ó kún ọjà ẹnu ibodè ní Ìdí-Ìrókò. Àwọn méjèèjì kò bá a mu, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò tíì jẹ nínú ohun tí à ń wí, wọn kò sì tíì lò ó. Ìyókù náà kò bá a mu. Apá tí ó kù lára odidi ni, ó sì lè jẹ́ apá tí a nílò. Àṣẹ́kù nìkan ni ó sọ pé iṣẹ́ ti parí, nǹkan kan sì wà nílẹ̀ síbẹ̀.

6.0 Ibi tí wọ́n ti pàdé

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí kì í kan ara wọn. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Game Freak ní Japan ń parí eré Pokémon méjì àkọ́kọ́, tí ó jáde ní oṣù kejì ọdún 1996, wọ́n yọ àwọn àṣẹ tí wọ́n fi ń wá àṣìṣe kúrò nígbà tí wọn kò nílò wọn mọ́. Àyè tí ó tó nǹkan bíi báìtì 300 ṣí sílẹ̀. Shigeki Morimoto, ọ̀kan nínú àwọn aṣẹ̀dá, fi ẹranko kan tí ó ń jẹ́ Mew sínú àyè náà. Kò sí ọ̀nà tí ó tọ́ tí aṣeré lè gbà rí i nínú eré náà. Àṣìṣe kan nínú àṣẹ ni ó mú kí àwọn kan ṣàdédé rí i, ìròyìn rẹ̀ sì tàn kálẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ilé-ìwé. Lẹ́yìn náà, ìwé ìròyìn ọmọdé kan tí ń jẹ́ CoroCoro ṣètò ìdíje, ó sì fún ènìyàn 20 ní Mew.

Pẹ̀lú àṣírí nìkan, ìtàn yìí yóò dàrú. Pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí a dábàá, ó tò. Ohun tí a yọ kúrò ni ó fi àyè sílẹ̀. Ohun tí a dìídì fi sínú àyè náà ni Mew, nítorí náà kì í ṣe àpatì, kì í sì í ṣe àṣẹ́kù. Àṣìṣe ni ó gbé e síta. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ sì gbà kí a máa fi í ṣe ẹ̀bùn, ó di àwárí fún gbogbo ayé. Àṣìṣe ni ọ̀rọ̀ tí ó yẹ fún ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbèrò, tí àṣẹ tí kò péye sì fà. Kò yẹ kí a dá ọ̀rọ̀ tuntun fún un, nítorí olùkọ́ ìṣirò ti ń lò ó.

7.0 Ohun tí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò kàn

Ó yẹ kí a fi ààlà sí i pẹ̀lú. Kì í ṣe gbogbo ohun tí aṣeré kò mọ̀ ni a fi pamọ́ fún un. Ayò fi èyí hàn. Ọmọ ayò 48 àti ilé 12 ni ó wà lórí ọpọ́n, gbogbo rẹ̀ sì wà lójú táyé. Síbẹ̀ ọ̀ta lè kó ọmọ jọ sínú ilé kan títí yóò fi di odù, kí ọ̀pẹ má sì mọ ohun tí ń bọ̀ wá bá òun. Ọgbọ́n eré ni èyí. Kò sí aṣẹ̀dá tí ó gbé e pamọ́.

Bákan náà ni ó rí nígbà tí ìbátan ayò dé orí kọ̀ǹpútà. Nínú ìwé BASIC Computer Games tí David Ahl ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1978, eré kan wà tí ó ń jẹ́ Awari, èyí tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn orúkọ tí a ń pe irú ayò yìí nílẹ̀ òkèèrè, tí kì í sì í ṣe àwárí tí à ń wí. Ọmọ 36 ni wọ́n fi ń ta á. Gbogbo àṣẹ rẹ̀ ni a tẹ̀ sínú ìwé, òǹkàwé ni yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ láti ìlà dé ìlà. Nínú irú eré bẹ́ẹ̀, ó ṣòro kí àṣẹ́kù tó wà. Ohun tí ó jẹ́ kí àwárí àti àṣẹ́kù ṣeé ṣe ni pé a kì í ta àkọsílẹ̀ àṣẹ fún aṣeré mọ́. Iṣẹ́ tí a ti dì ni à ń tà fún un.

Ní 2002, John Romein àti Henri Bal ní Yunifásítì Vrije ní Amsterdam fi kọ̀ǹpútà wo gbogbo ipò tí ó lè wáyé nínú ayò ọlọ́mọ 48 tí wọ́n lò, ipò 889,063,398,406. Wọ́n rí i pé bí ẹni méjèèjì kò bá ṣì í ta, ọ̀mì ni yóò já sí. Ohun tí wọ́n rí yìí ti wà nínú òfin ayò láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ìṣàwárí ni iṣẹ́ wọn. Ohun tí wọ́n rí kì í ṣe àwárí ní ìtumọ̀ tí a fún un níhìn-ín, nítorí pé kò sí ẹni tí ó fi í pamọ́ dè wọ́n.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

Ìbéèrè mẹ́ta ni olùkọ́ tàbí òǹtumọ̀ níláti bi ara rẹ̀ kí ó tó yan ọ̀rọ̀. Ǹjẹ́ ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ gbé e síbẹ̀ kí a lè rí i? Ǹjẹ́ a ti pinnu láti má lò ó? Ǹjẹ́ ó ṣì wà nínú ohun tí a tà? Ìdáhùn sí wọn ni yóò tọ́ka sí ọ̀rọ̀ tí ó yẹ:

Àwárí: ohun tí aṣẹ̀dá dìídì fi pamọ́ sínú eré kí aṣeré lè wá a rí.
Àpatì: èrò, ìpele tàbí odindi eré tí a bẹ̀rẹ̀ tí a sì pinnu láti má lò.
Àṣẹ́kù: àpatì tí ó ṣì wà nínú eré tí a tà, tí a ti ọ̀nà rẹ̀.
Àṣìṣe: ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbèrò, tí àṣẹ tí kò péye fà.
Ahoro: eré tí àwọn ènìyàn ti jọ ń ṣe rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí a ti pa ẹ̀rọ rẹ̀.
Ẹ̀dà ìdánwò: ẹ̀dà eré tí a fi ń yẹ iṣẹ́ wò kí ó tó parí.

Kò sí èyí tí a yá láti èdè Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Faransé nínú wọn. Ọmọ Òkè-Ọ̀dàn tí ó bá sọ pé òun rí àwárí kan nínú géèmù kò ní láti túmọ̀ rẹ̀ fún ìbátan rẹ̀ ní Pobẹ̀. Èyí sì ṣe pàtàkì ju eré lọ. Òfin tí ó de ohun tí a fi pamọ́ sínú ẹ̀rọ, nínú fóònù àti nínú ètò ìfowópamọ́ ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́, ìbéèrè tí ó sì máa ń wà nídìí rẹ̀ ni èyí: wọ́n fi í pamọ́ ni, àbí ó ṣẹ́kù ni? Èdè tí kò bá lè ya méjèèjì sọ́tọ̀ kò ní lè gbèjà àwọn tí ń sọ ọ́. Yorùbá lè yà wọ́n. Ó kù sọ́wọ́ àwọn olùkọ́ àti òǹtumọ̀ láti máa lò ó bẹ́ẹ̀.